Ìrẹsì Tí Kánsẹ́lọ̀ Pín àti Ìwé Tí Kò Kà

"Kí ni kánsẹ́lọ̀ yìí tiẹ̀ ṣe fún wa ná?" Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan báyìí tí ìbéèrè yìí ti ń dà mí láàmú. Kò síbi tí mo yà sí tí wọn kì í ti í bi í: ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, nínú ọkọ̀, lórí WhatsApp àdúgbò. Ti pé inú ń bí àwọn èèyàn kọ́ ló ń jẹ mí lọ́kàn, torí inú ń bí èmi náà. Èsì tí mo máa ń gbọ́ ni, bí mo bá bi ẹni tó bi í padà pé, "Ó dáa, kí ló yẹ kó ti ṣe?"

Ẹnì kan á ní láti ọdún Iléyá, kò tíì pín ìrẹsì. Òmíràn á ní nígbà tí tírànsífọ́mà jóná, kọ́bọ̀ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá kan sọ fún mi pé òun fi ìwé ìkómọjáde ọmọ-ọmọ òun ránṣẹ́ sí i, kò wá, kò sì rán ẹnikẹ́ni. Wọ́n á wá fi èyí tó ṣe é ṣáájú wé e, ìyẹn tó máa ń san owó WAEC fún àwọn ọmọ aláìní, tó máa ń gbé àga àti kánópì síta bí òkú bá kú.

Mo ń retí kí ẹnì kan ṣoṣo sọ pé ó jẹ́ kí wọ́n fi owó kún tíkẹ́ẹ̀tì ọjà láìbi àwọn ará ọjà. Tàbí pé kò béèrè ibi tí owó gọ́tà wọlẹ̀ sí. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. A ti di ẹrù oríṣiríṣi lé ọkùnrin náà lórí, iṣẹ́ tí a tìtorí rẹ̀ dìbò fún un nìkan ni kò sí nínú ẹrù náà.

## Ìbéèrè Màmá Tíṣà

Ìpàdé àwọn onílé kan ní àdúgbò wa ló jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé mi délẹ̀. Gọ́tà etí títì ni ẹjọ́. Wọ́n ti gbẹ́ ẹ dé agbede méjì, wọ́n ti to irin sínú rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ bá kó irinṣẹ́ wọn lọ, wọn ò padà wá mọ́. Irin ti dípẹtà, àwọn tó ń wá irin àlòkù kiri sì ti ń yọ lára rẹ̀ lóru. Omi tó yẹ kó gba ibẹ̀ lọ wá ń yà wọ ilé àwọn tó wà nísàlẹ̀.

Kánsẹ́lọ̀ fúnra rẹ̀ wá, ó sì yẹ ká yìn ín fún ìyẹn, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í yọjú. Ọkùnrin tó kàwé, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó jẹ́ kí wọ́n bínú tán, ó wá ní, "Ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin màmá mi, mò ń sa gbogbo ipá mi. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹni tó nọ̀bẹ ló ń jẹṣu. Ọwọ́ alága ìjọba ìbílẹ̀ ni ọ̀bẹ wà." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á fi owó àpò òun ra símẹ́ǹtì tí àdúgbò lè fi tún ibi tó burú jù ṣe. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Alága àwọn onílé ti ń múra àdúrà ìparí.

Ìgbà náà ni Màmá Tíṣà nawọ́ sókè. Ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, wọn kì í sì í wá sípàdé láìmú ìwé kékeré kan dání.

"Ọnọ́rébù, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o."

"Ẹ ṣeun, mà."

"Ètò ìṣúná ọdún yìí tí ẹ fọwọ́ sí, èló ni wọ́n kọ síwájú gọ́tà wa yìí?"

Ọnọ́rébù rẹ́rìn-ín músẹ́. "Mà, ọ̀rọ̀ ìṣúná yẹn, ẹ̀ka akápò ló mọ bó ṣe rí."

"Mo mọ̀ pé àwọn ló kọ ọ́. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ sí i. Èló lẹ rí níbẹ̀?"

"Mà, wọ́n kà á sí wa létí ni. Ó gùn díẹ̀. Nígbà tí wọ́n kà á tán, líídà ilé ìgbìmọ̀ àwa kánsẹ́lọ̀ bi wá pé ṣé a gbà, a ní a gbà."

"Wọ́n fún yín ní ẹ̀dà tiyín?"

"Rárá, mà. Wọn ò tíì fún wa."

Màmá kọ nǹkan sínú ìwé wọn, wọ́n dúpẹ́, wọ́n jókòó. Ọ̀rọ̀ bá padà sórí símẹ́ǹtì. Nígbà tí akọ̀wé ka àkọsílẹ̀ ìpàdé náà fún wa lóṣù tó tẹ̀ lé e, símẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ọpẹ́ tí a dá fún símẹ́ǹtì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìbéèrè màmá kò sí níbẹ̀.

Ohun tó wọ̀ mí lára jù ni pé ọkùnrin náà kò parọ́. Ẹni tó bá ń bo olè mọ́lẹ̀ ì bá ti wá irọ́ kan pa fún ìyá arúgbó, kó sì máa lọ. Òótọ́ ló sọ, ojú kò sì tì í, torí kò mọ̀ pé nǹkan ìtìjú ni. Lójú tirẹ̀, símẹ́ǹtì tó fẹ́ fi owó àpò rẹ̀ rà ni iṣẹ́. Ìbò tó dì lórí gbogbo owó tí ìjọba ìbílẹ̀ máa ná lódindi ọdún kan, ayẹyẹ lásán ni. Ìpàtẹ́wọ́ tí wọ́n fún un lọ́jọ́ náà sì fi hàn pé òun nìkan kọ́ ló rò bẹ́ẹ̀.

## Ohun tó wà níkàáwọ́ rẹ̀

Abala keje nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999 ló fi ìdí ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú dìbò yàn múlẹ̀. Àfikún kẹrin ìwé òfin náà ló wá to iṣẹ́ rẹ̀: ọjà, gáréèjì, ilé ìpẹran, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ìgboro, títì àdúgbò, iná ojú títì, kíkó ìdọ̀tí, itẹ́ òkú, fífún títì lórúkọ àti fífún ilé ní nọ́ńbà. Wọn ò gbàgbé báárò, ọmọlanke àti ọkọ̀ ọlọ́pọ́n. Ti ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìlera àti iṣẹ́ àgbẹ̀, òun àti ìpínlẹ̀ ni wọ́n jọ ń ṣe é. Gọ́tà wà níbẹ̀, wọ́n dárúkọ rẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dé sẹkitéríà ìjọba ìbílẹ̀ àyàfi lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ gba ìwé ẹ̀rí ọmọ ìbílẹ̀, tàbí lọ́jọ́ tá a bá fẹ́ lọ fọwọ́ sí ìwé ìgbéyàwó.

Iṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀ nìyẹn. Nígbà ìjọba Babangida, ní 1991, ni wọ́n ya ọwọ́ méjì sọ́tọ̀ nínú rẹ̀: alága àti àwọn tó yàn ń ṣe iṣẹ́, àwọn kánsẹ́lọ̀ ń ṣòfin, wọ́n sì ń ṣọ́ alága. Àwọn kánsẹ́lọ̀ alábòójútó tí alága ń yàn láti máa darí ẹ̀ka kọ́ ni mò ń sọ. Ọmọ iṣẹ́ alága ni ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Ọnọ́rébù là ń pe gbogbo wọn. Èyí tí wọ́ọ̀dù dìbò fún ni mò ń sọ. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà tá a bá ka mẹ́fà ti Àbújá mọ́ ọn, wọ́ọ̀dù tó wà nínú wọn sì lé ní 8,800. Nínú gbogbo ipò tí a ń dìbò sí, kò sí èyí tó pọ̀ tó ti kánsẹ́lọ̀, kò sì sí èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà wa tó o.

Orí owó ni agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù. Alága ló ń gbé ètò ìṣúná wá, ilé, ìyẹn ìgbìmọ̀ àwọn kánsẹ́lọ̀, ló ń yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì yẹ kí alága ná owó ìlú lórí ohun tí ilé kò fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ti rí irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí á mọ̀ pé kì í ṣe awo. Ìlà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ iṣẹ́ àti iye tí wọ́n fẹ́ ná lé e lórí. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un lọ́dún tó kọjá àti iye tí wọ́n ná ní tòótọ́ á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá mọ àròpọ̀ àti àyọkúrò á kà á yé. Ibi tí wọ́n ń fi ọgbọ́n pamọ́ sí ni ìlà tí kò dárúkọ ibì kankan, irú bí "àtúnṣe gọ́tà káàkiri ìjọba ìbílẹ̀". Owó ńlá lè wà níwájú irú ìlà bẹ́ẹ̀, kò sì ní sí àdúgbò tó lè dìde pé tiwa dà, nítorí kò sí àdúgbò kankan nínú rẹ̀. Lérò tèmi, bí kánsẹ́lọ̀ kan bá lo gbogbo sáà rẹ̀ láti máa ní kí wọ́n kọ orúkọ títì sí irú ìlà yẹn, tí kò ṣe ohun mìíràn, ó ti ṣe ju ẹgbẹ̀rún àpò ìrẹsì lọ.

Òfin ṣíṣe náà wà níbẹ̀, ọjà la sì ti lè rí i kedere. Ìyá aláta kan kó tíkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n já fún un láàárọ̀ ọjọ́ kan hàn mí: ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa rẹ́súrẹ́sú, ọ̀kan aláwọ̀ ewé. Ó mọ ẹni tó gba owó ọ̀kọ̀ọ̀kan. Òfin tó ní kí wọ́n gbà á ni kò mọ̀. Ìjọba ológun ti ṣe òfin kan ní 1998 tó to orúkọ owó tí ìjọba ìbílẹ̀ lè gbà lọ́wọ́ aráàlú, tó sì ní kí ẹnikẹ́ni má dínà láti gba owó orí. Owó ọjà wà nínú rẹ̀. Owó àríyá àti dídí títì náà wà níbẹ̀, kí àwa tá a máa ń na kánópì sójú ọ̀nà ní Sátidé lè mọ̀ pé ìjọba ti rò ó. Ṣùgbọ́n kí orúkọ owó wà nínú òfin Àbújá kò tó. Àwọn kánsẹ́lọ̀ ló yẹ kó jókòó ṣòfin lórí iye rẹ̀, lórí ẹni tó máa gbà á, àti lórí ohun tí wọ́n máa ṣe fún ẹni tí kò bá san. Bí owó tíkẹ́ẹ̀tì bá wá gbẹ́nu sókè lọ́jọ́ kan, tí ilé kò sì ṣe òfin tuntun, a jẹ́ pé ẹnì kan ló jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀ tó kọ iye tó wù ú. Kánsẹ́lọ̀ wọ́ọ̀dù tí ọjà náà wà ló yẹ kó kọ́kọ́ pariwo.

Ìyókù ni pé kó máa béèrè. Ilé lè pe olórí ẹ̀ka kí ó wá ṣàlàyé, ó lè lọ wo iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn ti ṣe, bí ọ̀rọ̀ bá sì burú tán, ó lágbára láti yọ alága nípò. Ti ìyọnípò yìí ni a máa ń gbọ́ jù nínú ìròyìn, mo sì máa ń fura sí i, torí ìjà owó ló sábà máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ìjà gọ́tà.

## Ẹnu tó jẹ dòdò

Kí ló dé tí wọn kì í fi í béèrè? Èsì tó yá lẹ́nu àwọn èèyàn ni pé wọn ò kàwé. N kò gbà. Ọnọ́rébù tiwa kàwé dáadáa. Ọ̀rọ̀ ẹnu tó jẹ dòdò ni, tí kò lè sọ òdodo mọ́. Alága ni ẹni tó wá ọkọ̀ tí kánsẹ́lọ̀ ń gùn fún un, tó ń fọwọ́ sí owó ìrìnàjò rẹ̀, tó lè ní kí wọ́n fi iṣẹ́ àgbàṣe kékeré kan ti àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn. Alága yìí kan náà ni òfin ní kó máa ṣọ́.

Ẹ tún wo bí wọ́n ṣe ń débẹ̀. INEC kọ́ ló ń ṣe ìbò ìjọba ìbílẹ̀ ní ìpínlẹ̀, àjọ elétò ìdìbò tí gómìnà yàn ni. Ní Òṣun, ní oṣù kẹwàá 2022, tí APC wà nílé ìjọba, APC ló gba gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ 30 tó wà níbẹ̀. Ní oṣù kejì 2025, tí PDP wà nílé ìjọba, PDP ló gba gbogbo 30 ọ̀hún. N kò rò pé ọkàn gbogbo ará Òṣun ṣípò bẹ́ẹ̀. Ní Èkó, ní ọjọ́ 12 oṣù keje 2025, APC kó ipò alága 57 láìku ọ̀kan, ó sì gba 375 nínú àga kánsẹ́lọ̀ 376. Ẹgbẹ́ yòówù kó wà lórí àléfà, ọ̀nà kan náà ni wọ́n ń tọ̀.

Mi ò sọ pé alátakò nìkan ló lè bi alága ní ìbéèrè. Ọmọ ẹgbẹ́ kan náà lè bi ara wọn, tí wọ́n bá fẹ́. Ṣùgbọ́n bí àwọn àgbà ẹgbẹ́ kan náà ló bá fa alága kalẹ̀, tí wọ́n sì fa kánsẹ́lọ̀ kalẹ̀, tí ìbò wá jẹ́ ìbò tí gbogbo èèyàn mọ àbájáde rẹ̀ kó tó di dídì, ta ni kánsẹ́lọ̀ fẹ́ máa bẹ̀rù? Ẹni tó lè gba tíkẹ́ẹ̀tì ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Màmá Tíṣà kò lè gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀.

Ti owó náà tún wà níbẹ̀. Ìwé òfin ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ láti àpò àpapọ̀ gba inú àsùnwọ̀n kan tí ìpínlẹ̀ ń tọ́jú fún wọn, inú àsùnwọ̀n yẹn ni owó sì ti máa ń rù. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje 2024, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ dá ẹjọ́ tí Lateef Fagbemi, agbẹjọ́rò àgbà ìjọba àpapọ̀, pe ìpínlẹ̀ 36. Wọ́n ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tí aráàlú yàn, wọ́n sì ní gómìnà kò láṣẹ láti tú irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀ ká kó sì fi àwọn adelé síbẹ̀. Inú gbogbo èèyàn dùn. Inú tèmi náà dùn, ṣùgbọ́n kò dùn dénú. Owó tó bá kúrò lọ́wọ́ gómìnà, ọwọ́ alága ló ń lọ. Bí ilé tó yẹ kó ṣọ́ alága bá ṣì ń dáhùn pé "a gbà", gómìnà kéékèèké 768 la fẹ́ fi rọ́pò gómìnà 36.

Ìdájọ́ dára, àmọ́ ó máa ń pẹ́ kó tó dé. Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé tú àwọn ìgbìmọ̀ tí wọ́n dìbò yàn ká ní oṣù karùn-ún 2019. Oṣù karùn-ún 2021 ni ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ pé kò bófin mu. Sáà ọdún mẹ́ta wọn ti ń tán lọ nígbà yẹn. Owó oṣù wọn ni ilé ẹjọ́ ní kí wọ́n san. Àga kò ṣeé gbà padà mọ́. Ètò ìṣúná tí wọn ì bá yẹ̀ wò láàárín ọdún wọ̀nyẹn náà ti lọ.

## Ibi tí ìrẹsì ti ń wá

Owó oṣù kánsẹ́lọ̀ kò lè ra ìrẹsì fún wọ́ọ̀dù kan, ká má tíì dé orí tírànsífọ́mà. Níbo ló ti ń rí i? Bí a bá ní dandan kó dá owó tírànsífọ́mà, ṣe là ń rán an lọ sọ́dọ̀ alága láti lọ tọrọ. Ọwọ́ tó ń fúnni ló sì máa ń lékè. Alága tó kó àpò ìrẹsì fún un ní ìparí ọdún, àárín ìparí ọdún kan náà ló máa gbé ètò ìṣúná ọdún tuntun wá sílé. Ẹ̀yin ẹ sọ fún mi, irú ẹnu wo ló fẹ́ fi bi í pé kí ni ìlà yìí ń ṣe níbí? Àpò ìrẹsì yẹn ni wọ́n fi ra "a gbà", ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ owó gọ́tà wa ni wọ́n fi ra àpò ìrẹsì.

Àwọn kan máa ń parí ọ̀rọ̀ síbí, wọ́n á ní ojúkòkòrò aráàlú ló ba nǹkan jẹ́. Èmi kò sí lára wọn. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ẹni tí omi wọ yàrá rẹ̀ rí símẹ́ǹtì, ó lè fọwọ́ kàn án; kò rí ìwé ìṣúná rí láti ọjọ́ tí ó ti dáyé. Ó ti rò ó wò pé nínú gbogbo ohun tó wà ní sẹkitéríà yẹn, ìrẹsì nìkan ló tíì dé ọ̀dọ̀ òun. Ìyẹn kì í ṣe ìwà òmùgọ̀. Ẹni tó ti tajà fún onígbèsè rí á gba èyí tó bá rí gbà ni.

Ó sì yẹ ká sọ ọ́ pé iṣẹ́ kánsẹ́lọ̀ kò parí sínú ilé ìgbìmọ̀. Òun nìkan ni òṣèlú tí èèyàn lè kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lálẹ́. A kì í rí sẹ́nétọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo mọ ọ̀kan ní ìlú mìíràn tí àwọn ìyá ọlọ́mọ fẹjọ́ sùn pé kì í sí nọ́ọ̀sì ní ilé ìwòsàn kékeré wọ́ọ̀dù wọn tí ọ̀sán bá ti pọ́n. Kò fún ẹnikẹ́ni lówó láti lọ sí ilé ìwòsàn aládàáni. Ó lọ jókòó síbẹ̀ títí ọ̀sán fi pọ́n, ó fojú ara rẹ̀ rí i, ó kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka ìlera, nígbà tí kò rí èsì, ó gbé ọ̀rọ̀ náà dìde nínú ilé, ó ní kí wọ́n ka iye nọ́ọ̀sì tí wọ́n ń sanwó oṣù fún síta, kí wọ́n sì sọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí i pé nọ́ọ̀sì méjì tí orúkọ wọn wà ní ilé ìwòsàn náà, sẹkitéríà ni wọ́n ń jókòó sí. Wọ́n dá ọ̀kan padà. Kò sí fọ́tò rẹ̀ lórí Facebook, kò sí ẹni tó lu ìlù.

Ẹgbẹ́ kò fún un ní tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní kò lérò lẹ́yìn.

## Lẹ́tà aránṣọ

Ọmọbìnrin aránṣọ kan wà ládùúgbò wa tó ń rò ó láti du ipò kánsẹ́lọ̀ nígbà tó bá yá. Ó wá bá mi. "Ẹ̀gbọ́n, bí mo bá sọ fún wọn pé n kò ní pín nǹkan, pé ìwé ìṣúná ni mo fẹ́ máa kà fún wọn, ṣé wọ́n á dìbò fún mi?"

Mo ní, "Wọn ò ní dìbò fún ẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun náà mọ̀. Ó ní ohun tí òun ń rò ni pé kí òun ka ti ọdún tó kọjá fún wọn ná, kí òun tó sọ pé òun fẹ́ ìbò ẹnikẹ́ni, kí òun kọ ohun tí wọ́n ní àwọn ṣe ní wọ́ọ̀dù wa sára páálí ńlá kan síwájú ṣọ́ọ̀bù òun, kí gbogbo ẹni tó bá wá rán aṣọ fi ojú ara rẹ̀ wò ó bóyá iṣẹ́ náà wà níbi tí wọ́n ní ó wà. Mo fẹ́ràn ìyẹn ju ìwàásù lọ.

Mo sọ fún un nípa òfin òmìnira ìròyìn ti 2011, pé ẹnikẹ́ni ló lè kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ iléeṣẹ́ ìjọba láìsọ ìdí, pé ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti fi fèsì, àti pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ti sọ ní 2025 pé òfin náà de ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ pẹ̀lú. A jọ kọ lẹ́tà náà, ojú ìwé kan péré. Òun fúnra rẹ̀ ló mú un lọ sí sẹkitéríà.

Ẹni tó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ bi í pé ṣé oníròyìn ni. Ó ní rárá, aránṣọ lòun.

"Kí ni aránṣọ fẹ́ fi ìwé ìṣúná ṣe?"

Ó ní òun fẹ́ wọ̀n ọ́n wò ni. Ó ní kí wọ́n bá òun kọ ọjọ́ àti orúkọ ẹni tó gba lẹ́tà náà sára ẹ̀dà tòun. Wọ́n kọ́kọ́ ní kò sí bíró. Ó fún wọn ní tiẹ̀.